Ta Ni Ọ̀dàlẹ̀? Èrò Lórí Ìpolówó Ọjà Saka àti Ẹ̀kọ́ Tó Wà Níbẹ̀ fún Olùkọ́ ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun

Ìfáàrà

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, ìpolówó ọjà kan jáde lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó pa tọmọdé tàgbà lẹ́rìn-ín. Hafiz Oyètòrò, òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀ sí Saka, tí ó ti ń polówó ọjà fún ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ Etisalat, ni ó ṣàdédé yọ nínú aṣọ aláwọ̀ ìyeyè ti MTN. Ó ń jó, ó sì ń fi èdè Píjìn kéde pé òun ti 'port'. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti gba ilé, ó gba oko.

Bí àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín ni àwọn mìíràn ń bínú. Wọ́n ní Saka ti da ilé-iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Àwọn ẹ̀ka kẹta kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bínú. Owó tí wọ́n rò pé MTN san fún un ni wọ́n ń bá a kà láìfojú rí i. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn tó bínú ló yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá yẹ̀ wò jù. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan tí Yorùbá fi pamọ́ fún ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, èyí tí í ṣe ọ̀dàlẹ̀, wọ́n sì fi pe òṣìṣẹ́ tó pààrọ̀ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tó múlé ti ara wọn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni a ó fi wo ewu tó wà nínú ìlò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀.

Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ṣáájú ọdún 2013, ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ kan bọ́ sí òmíràn ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò fi ń fara da ìlà tí kò já geere, torí pé nọ́ńbà ọ̀hún ni àwọn oníbàárà wọn mọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2013, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, fàyè sílẹ̀ kí ẹni tó ní fóònù lè gbé nọ́ńbà rẹ̀ dání lọ sí ilé-iṣẹ́ tó bá wù ú. Yóò tẹ ọ̀rọ̀ náà PORT ránṣẹ́ sí 3232. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013, bí ó bá ti kọjá, ó di ẹ̀yìn 90 ọjọ́ kí ó tó lè tún kọjá. Orílẹ̀-èdè Gánà ti bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní oṣù keje ọdún 2011.

Ètò yìí ṣí ilẹ̀kùn fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti fa oníbàárà ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ra. MTN, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láti ọdún 2001, ló tóbi jù nínú wọn. Etisalat, tó dé ní ọdún 2008, ló dé kẹ́yìn nínú àwọn ńlá ibẹ̀. Dípò kí MTN máa ṣàlàyé òfin NCC fún ará ìlú, ó wá ẹni tí ojú ti mọ̀ mọ́ Etisalat, ó sì fi í ṣe àkàwé. Bí Saka fúnra rẹ̀ bá lè kọjá, ta ni kò lè kọjá? Ibi tí ẹ̀rín ti wá nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé Etisalat ni Saka ti ń polówó fún tẹ́lẹ̀ kò lè mọ ohun tó pa àwọn yòókù lẹ́rìn-ín.

Oyètòrò kì í ṣe àlejò nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa eré oníṣe. Ní àsìkò tí ìpolówó náà jáde, olùkọ́ eré oníṣe ni ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Adéníran Ògúnsànyà, Ìjànikin, tí ó wà lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n sọ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022. Eré àwàdà orí amóhùnmáwòrán tí ń jẹ́ House A-Part ni ó jẹ́ kí orúkọ Saka mọ́ ọn lára. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn ń ṣe ìdájọ́ Saka, iṣẹ́ ọwọ́ olùkọ́ kan ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́.

Ìbínú Kò Jọ Ìbínú

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ẹni tó bá bínú sí ìpolówó alápanilẹ́rìn-ín ni kò mọ àwàdà. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ti Saka, MTN yìí kan náà gbé ìpolówó kan jáde tí àwọn ènìyàn ń pè ní 'Mama na boy'. Ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ pe ìyá rẹ̀ ní abúlé láti sọ fún un pé ọkùnrin lòun bí, ni gbogbo abúlé bá ń yọ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n béèrè pé bí ó bá ṣe obìnrin ni ìyàwó náà bí, ǹjẹ́ fóònù náà ìbá dún bí? Ìbéèrè gidi ni. Ó kan ohun tí àwàdà náà ń gbìn sọ́kàn ẹni tó ń wò ó, pé ọmọ kan ju ọmọ kan lọ.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nígbà Àjíǹde ọdún 2022. Ilé ìfowópamọ́ Sterling, tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tó fẹ́ràn àwàdà bíi tiwọn, fi àjíǹde Jésù wé bí búrẹ́dì Agége ṣe ń wú. Ẹgbẹ́ Àwọn Ọmọlẹ́yìn Krístì ní Nàìjíríà fárígá. Ilé ìfowópamọ́ náà yọ ìpolówó ọ̀hún kúrò, ó sì tọrọ àforíjì. Níbẹ̀ náà, ohun tí wọ́n sọ ni ó fa ìbínú.

Ti Saka yàtọ̀. Kò bú abo, kò bú akọ, kò sì fọwọ́ kan ohun mímọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó kúrò. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ní àwàdà kan ń ṣe ìpalára ní ẹjọ́ tó lè rò, kí a sì gbọ́ ọ. Ẹni tó ní òṣèré kò gbọdọ̀ pààrọ̀ oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó so òṣèré náà mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀ Wo Ni Saka Dà?

Ìhun ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. 'Dà' àti 'ilẹ̀' ni ó para pọ̀ di 'dalẹ̀', tí a fi 'ọ̀-' sí níwájú kí ó tó di ọ̀dàlẹ̀. Ilẹ̀ ni àwọn àgbà ń mu nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bá ara wọn dá májẹ̀mú tí kò ní yẹ̀. Àwọn tó bá sì jọ mu ún ni à ń pè ní ọmọ ìmùlẹ̀. Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí, ilẹ̀ náà ni yóò gba ẹni tó bá yẹ àdéhùn. Ìdí nìyí tí Yorùbá fi ń sọ pé ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ikú jẹ́ èrè rẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ṣeré.

Àdéhùn iṣẹ́ kì í ṣe ìmùlẹ̀. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ wà, ọjọ́ tó parí wà, iye owó sì wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá yẹ̀ ẹ́, ilé-ẹjọ́ ni a ó gbà lọ, a kì í ké pe ilẹ̀ sí i. Yorùbá sì ti mọ ipò òṣèré tipẹ́tipẹ́. Orúkọ alárìnjò ń ṣàlàyé ara rẹ̀: ẹni tó ń rìn, tó sì ń jó ni. Òní, ààfin ọba kan ni yóò ti ṣeré. Ọ̀la, ó di ìlú mìíràn. Bákan náà ni onílù tó kì baba ìyàwó lónìí ṣe lè kì baba ọkọ lọ́la níbi ayẹyẹ mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní torí rẹ̀ sọ pé ó dalẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe.

Àwọn kan lè sọ pé ẹni tó jẹun lọ́dọ̀ ènìyàn kò yẹ kí ó máa jó níwájú ọ̀tá rẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọlúàbí kì í tú àṣírí ilé tó ti ṣiṣẹ́ rí, kì í sì í fi ẹnu àná bú ẹni àná. Bí Saka bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Ijó àti ẹ̀rín kì í ṣe àṣírí títú. Èyí tó tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù ni pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń gbèjà rẹ̀ kì í ṣe ìbátan wọn. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2017, gbèsè ńlá tí ẹ̀ka Nàìjíríà jẹ àwọn ilé ìfowópamọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Etisalat ti Abu Dhabi kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì gba orúkọ rẹ̀ padà. Ilé-iṣẹ́ náà di 9mobile, ní ọdún 2025 ó tún di T2. Ẹni tó pe Saka ní ọ̀dàlẹ̀ nítorí Etisalat ní ọdún 2013 rí i ní ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà pé Etisalat fúnra rẹ̀ ti lọ.

Kì í ṣe ilẹ̀ yìí nìkan. Ní Amẹ́ríkà, Paul Marcarelli fi ọ̀pọ̀ ọdún polówó ọjà fún ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ Verizon, tí ó ń béèrè lórí fóònù bóyá wọ́n ń gbọ́ ohùn òun. Ní ọdún 2016, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ti Saka, ó yọ nínú ìpolówó Sprint tó jẹ́ abánidíje Verizon. Ní ọdún 2020, wọ́n da Sprint pọ̀ mọ́ T-Mobile, orúkọ náà sì kúrò lọ́jà. Òṣèré ṣì wà, ilé-iṣẹ́ ti yí orúkọ padà.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó bínú kò kíyè sí. Ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé ìpolówó náà, àkọsílẹ̀ NCC fi hàn léraléra pé Etisalat ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé nọ́ńbà wọn kọjá ń lọ bá. Ará ìlú bá Saka rẹ́rìn-ín, wọ́n bá a jó, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọgbọ́n orí ara wọn yan ibi tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n mọ̀ pé ọjà ni ọ̀rọ̀ náà.

Láti Orí Ìpolówó dé Ààlà Ìlú

Ọ̀rọ̀ kì í dúró sójú kan. Kò pẹ́ tí 'port' fi kúrò ní ẹnu àwọn oní-fóònù. Nígbà tí àwọn gómìnà márùn-ún kúrò nínú ẹgbẹ́ PDP lọ sí APC ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ọ̀rọ̀ tó rọrùn fún ará ìlú láti fi ṣàpèjúwe wọn nìyẹn. Títí di òní ni wọ́n ń fi í pe olóṣèlú tó yí ẹgbẹ́ padà. Èyí kò burú. Èdè tó ń dàgbà máa ń yá ọ̀rọ̀, ẹ̀fẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ àyálò máa ń gbà wọlé. Ibi tí ewu wà ni pé ọ̀dàlẹ̀ ń tẹ̀ lé 'port' lẹ́yìn bí òjìji. Bí a bá ti mọ́ àwọn ọ̀dọ́ lára láti pe ẹnikẹ́ni tó bá kọjá láti ìhín sí ọ̀hún ní ọ̀dàlẹ̀, kí ni wọn yóò pe aládùúgbò wọn lọ́jọ́ tí ìjà bá dé?

Ìbéèrè yìí ni ó gbé àpilẹ̀kọ yìí dé Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ìlobùú ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Olóbùú sì ni ọba ibẹ̀. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Òrolú, Olúfọ́n ni ọba tiwọn. Ìlú méjèèjì sún mọ́ra débi pé àlejò lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì kí ó má mọ̀ pé òun ti kọjá ààlà. Wọ́n ń fẹ́ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, ọmọ ìlú kan sì lè jókòó ti ọmọ ìlú kejì ní kíláàsì kan náà. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn. Ní ọdún 2025, ó le débi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi òfin kónílé-ó-gbélé de Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lẹ́yìn tí ẹ̀mí ti ṣòfò, tí iná sì ti jó ilé. Àpilẹ̀kọ yìí kò dá ẹjọ́ ta ló ni ilẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ọba, ìjọba àti ilé-ẹjọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni tirẹ̀.

Ẹ fojú inú wo obìnrin tí wọ́n bí ní Ìfọ́n, tó wá bímọ fún ọkọ ní Ìlobùú. Ẹ tún wo ọkùnrin Ìlobùú tó ń kọ́ àwọn ọmọ Ìfọ́n ní ìwé. Ní ọjọ́ àlàáfíà, àwọn wọ̀nyí ni afárá láàrin ìlú méjèèjì. Ní ọjọ́ ìjà, àwọn ni ẹnu kọ́kọ́ máa ń bá, torí pé ẹsẹ̀ wọn wà níhìn-ín, ó wà lọ́hùn-ún. Bí ọmọdé kan bá ti kọ́ láti orí ìpolówó pé ẹni tó bá ti kọjá ti dalẹ̀, kò ní rí ìyàtọ̀ láàrin Saka tó pààrọ̀ aṣọ àti ìyá tó rékọjá ààlà lọ wo ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó pa ni lẹ́rìn-ín ní Èkó lè pa ènìyàn níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń fa ìjà.

Iṣẹ́ Tó Kan Olùkọ́

Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni yóò lọ kọ́ni ní irú ìlú wọ̀nyí, yálà lásìkò ìfidánrawò iṣẹ́ olùkọ́ tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá gboyè NCE. Ìpolówó ọjà wà lára ohun tí a ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú èdè Yorùbá, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, olùkọ́ a kàn ní kí wọ́n ka bí ẹlẹ́kọ àti ẹlẹ́mu ṣe ń polówó ọjà wọn, á sì parí síbẹ̀. Ó yẹ kí ó tẹ̀ síwájú. Kí ó mú ìpolówó òde òní kan wọ kíláàsì, kí ó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ẹni tó sanwó àwàdà náà, ohun tó fẹ́ kí wọ́n rà, àti ẹni tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó bá lè dáhùn kò ní gbé ìjà oníṣòwò lérí bí ẹni pé ìjà baba rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ kọ àwọn ọ̀rọ̀ bíi ọ̀dàlẹ̀, abánidíje, oníṣẹ́, oníbàárà àti ọ̀rẹ́ sára pátákó ìkọ̀wé, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tọ́ láti lò. Ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni, ẹ̀kọ́ ìwà sì ni pẹ̀lú. Tí wọ́n bá fẹ́ fi Saka ṣe àríyànjiyàn ní kíláàsì tí ọmọ Ìlobùú àti ọmọ Ìfọ́n jọ wà, kí olùkọ́ da àwọn ọmọ ìlú méjèèjì pọ̀ sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí ìlú kan jókòó sápá òsì, kí èkejì jókòó sápá ọ̀tún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ni wọ́n ń ṣe.

Ó sì kan olùkọ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò rí àwàdà mọ́ iṣẹ́ wọn. Wọ́n rò pé ẹni tó bá pa ọmọ lẹ́rìn-ín ti bọ́ ògo ara rẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni Oyètòrò nígbà tí ó pa orílẹ̀-èdè lẹ́rìn-ín. Ìmọ̀ tó fi ń kọ́ni náà ni ó fi ṣe é, ohun àmúyangàn ló sì jẹ́ fún iṣẹ́ olùkọ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé ẹ̀rín tí ará ìlú bá Saka rín ní ọdún 2013 kò léwu, àti pé ìbínú tó tẹ̀ lé e ló gba àròjinlẹ̀. Àwọn tó bínú gbé irú ìfọkànsìn tó yẹ ìbátan àti ìlú ẹni fún ilé-iṣẹ́ tó wá ta ọjà, tó sì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó wúwo na òṣìṣẹ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Saka jó, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì padà sí kíláàsì láti lọ kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Kí olùkọ́ tó bá dé Ìlobùú tàbí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun rí i pé àwọn ọmọ tó wà níwájú òun mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tó pààrọ̀ ọjà àti ẹni tó da ilẹ̀, kí wọ́n tó dàgbà di ẹni tí yóò máa pe orúkọ yẹn mọ́ ara wọn.